Ta Ló Ń Lé Ọ ní Ẹnu Ọ̀wá?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo so okùn kánfáàsì mọ́ ẹsẹ̀, tí mo sáré gba iwájú ilé wa kọjá ní Ẹnu Ọ̀wá, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Àwọn tó kírun àsùbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí ni. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì sí tiwa wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ló ń lé ọ, ọmọ yìí?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màmá. Ó ní, "A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o." Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò parí òwe náà, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ ìyókù: bí a kò bá lé ejò, ejò ló ń lé ni. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé oṣù kẹrin rèé tí mo ti kó ẹrù kúrò nílé ọkọ.

Ìmọ̀ràn méjì ni wọ́n ń fún mi nígbà náà. Àwọn kan ní kí n wá nǹkan tí yóò máa mú mi làágùn, kí oorun lè gbé mi lọ. Àwọn kan ní kí n má dá wà, kí n lọ fara ti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ṣe méjèèjì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì lè gbé wọn ka òṣùwọ̀n láì jẹ́ kí omi lé sí mi lójú. Kí n tètè sọ ibi tí òṣùwọ̀n náà fì sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń ṣojúsàájú níkọ̀kọ̀: ọ̀rẹ́ wúwo ju eré sísá lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí eré sísá ni, mi ò bá ti lo àwọn ọ̀rẹ́ mi gbó.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ìsàlẹ̀ Èkó lè má mọ irú ilé tí mo padà sí. Obìnrin tó bá kọ ọkọ, tó padà sílé baba rẹ̀, dálémoṣú là ń pè é. Orúkọ tí wọ́n fi ń ki ni kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀ yàrá ń bẹ fún un. Ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilé baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin, ilé ẹjọ́ sì ti fọwọ́ sí i láti 1924 nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez níhìn-ín l'Ékòó. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lé mi jáde. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n máa wò mí, wọ́n sì wò mí dáadáa. Yàrá mi kọjú sí àgbàlá níbi tí gbogbo ilé ti ń pọnmi, tí wọ́n ti ń dáná. Bí mo bá sunkún lóru, kí n tó bu omi bọ́jú láàárọ̀ ni ẹnìkan yóò ti bi mí bóyá ojú ń dùn mí ni. Inú irú ilé yẹn ni mo ti ṣe ìwọ̀n tí mò ń ṣe yìí. Ẹni tó ń dá gbé nínú fúláàtì ní Lẹ́kí lè rí i lọ́nà mìíràn, mi ò ní bá a jiyàn.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ọ̀rẹ́ ni. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, obìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká ní láti rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Iddah ni wọ́n ń pè é. Kùránì ní kí wọ́n má lé e jáde nílé ní àsìkò náà, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ẹrù obìnrin ti máa ń dé ilé baba rẹ̀ kí ààfáà tó gbọ́ rárá. Àwọn tó ṣègbéyàwó kóòtù náà ní oṣù mẹ́ta tiwọn. Lábẹ́ òfin 1970 tó ń darí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga bá ti tú tọkọtaya ká, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdájọ́ náà tó fìdí múlẹ̀. Àfi bí ẹni pé ààfáà àti adájọ́ jọ jókòó gbìmọ̀. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ta ni yóò máa sáré ká títì nígbà tí wọ́n ní kó fara balẹ̀ sílé? Ọ̀rẹ́ ló lè wọlé wá bá a.

Wọ́n sì wá. Ọ̀kan nínú wọn, tí a jọ kọ́ kéú ní kékeré, ń ta léèsì ní Balógun. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni yóò yà sọ́dọ̀ mi. Kì í bi mí ní nǹkan kan. Yóò bọ́ bàtà, yóò nà gbalaja sórí ẹní mi, yóò máa ka owó ọjà rẹ̀, yóò sì máa bú àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sùn lọ síbẹ̀, ó ń hanrun. Mo jókòó tì í, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lẹ́yìn tí mo dé tí iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mò ń ṣe fún ẹlòmíràn, tí wọn ò fi ojú àánú wò mí. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí ọ̀rẹ́ ṣe fún mi, oorun tí ọ̀rẹ́ mi sùn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Orúkọ ló tún wà níbẹ̀. Nílé ọkọ, "Ìyàwó" ni àwọn àgbà ń pè mí, àwọn ará ìta ń fi orúkọ ọmọ pè mí. Èmi náà ti sọ àwọn àbúrò ọkọ mi lórúkọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa: ọ̀kan ń jẹ́ Adúmáradán, ọ̀kan ń jẹ́ Ìbàdíàrán, èyí tó ń kàwé jù ń jẹ́ Akọ̀wé. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù jáde, gbogbo orúkọ yẹn kú mọ́ mi lẹ́nu. Ta ni n ó máa pè ní Akọ̀wé? Ta ni yóò pè mí ní Ìyàwó? Ọ̀rẹ́ mi yìí ń pè mí ní orúkọ tí a ń fi ṣeré nílé kéú, orúkọ tó ju ìgbéyàwó náà lọ ní ọdún bí ogún. Bó bá ti pè é láti ìta, mo máa ń dáhùn kí n tó rántí pé inú mi bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ l'Ékòó. Àwọn tó kù kò dà bí oníléèsì. Ìtàn ni wọ́n wá gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, mo sunkún. Mo sọ ọ́ fún ẹni kẹta, ohùn mi gbọ̀n. Nígbà tí mo fi dé orí ẹni kẹsàn-án, mo ṣàkíyèsí pé mo ti mọ ibi tí yóò ti pòṣé, mo sì ń dúró dè é díẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí alápàlà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà ara ẹni dárà. Àwọn mìíràn gbé ìtàn náà dé Ìdúmọ̀tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn, mi ò tún rí wọn mọ́, torí ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ti owó ńkọ́? Aṣọ ẹbí mẹ́ta ló wọlé lóṣù kan náà tí owó oúnjẹ ọmọ di ti èmi nìkan. Bí mo bá gba aṣọ, ebi. Bí mi ò bá gbà á, wọn yóò ní mo ti ń sá fún ènìyàn. Nígbà tó yá, oníléèsì pàápàá, mo rí i lálẹ́ ọjọ́ kan tó yọ́ wo aago. Mi ò dá a lẹ́bi. Òun náà ní ọkọ àti ọmọ nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra kánfáàsì òkìríkà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ògo kankan nínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ètò kan hàn mí lórí fóònù, èyí tí Josh Clark ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1996 fún àwọn tí kò sáré rí láyé wọn: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kí o sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí o rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kí o tún sáré, títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Ìṣẹ́jú kan! Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó dé Ìgà Ìdúngànrán tó wà nítòsí wa, mo ti fọwọ́ mú ìhà.

Àdúgbò wa kì í ṣe ibi eré sísá. Pẹpẹ gọ́tà tó fọ́, ìṣù kébù lókè, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí wọ́n gbé ti ògiri, ọmọ tó ń sùn lórí tábìlì ọjà. Ọ̀nà tí mo wá yàn ni kí n já sí Adéníji Adélé, kí n sáré gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí Afárá Third Mainland ti sọ̀ kalẹ̀, kí n yí sí Tafawa Balewa Square, níbi tí ẹṣin ti ń sáré láyé àwọn òyìnbó, kí n já sí Oníkán, kí n gba Màrínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó reluwé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, kí n wá gba Àpọ́ńgbọ́n àti Ìdúmọ̀tà wálé kí àwọn ọlọ́jà tó tẹ́ ẹní wọn. Ó pẹ́ kí n tó lè sá gbogbo rẹ̀ láì dúró. Lára ọ̀nà yẹn ni eégún Ẹ̀yọ̀ máa ń gbà. Ní 20 Oṣù Karùn-ún 2017 tí wọ́n jáde kẹ́yìn kí n tó lọ ilé ọkọ, bí mo bá wọ kánfáàsì yìí sáré níbẹ̀, ọ̀pámbàtà ni wọn ìbá fi bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi.

Kí ni eré fún mi tí ọ̀rẹ́ kò lè fún mi? Ó gba ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bá mi bú ọkùnrin náà, wọ́n ti gbè mí lẹ́yìn, wọ́n ti ní mo ṣe ohun tó tọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún wọn pé ọjọ́ mìíràn wà tó ń wù mí kó wá bẹ̀ mí, kó mú mi padà? Ìdí afárá ni mo ti sọ ọ́, láàárín èémí kan sí èkejì, mo kọjú sí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo tún sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin, títí ọjọ́ kan tí mo dé ìdí afárá náà, tí mo ṣí ẹnu, tí mi ò rí nǹkan sọ.

Orúkọ tí wọ́n fún mi níbẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn tó máa ń sáré ní Màrínà láàárọ̀ ń pè mí ní Àǹtí Olómi, torí ike omi ọwọ́ mi. Wọn ò mọ baba mi, wọn ò mọ ọkọ mi, wọn ò mọ̀ pé dálémoṣú ni mí. Orúkọ oníléèsì ń mú mi padà sí ẹni tí mo jẹ́ kí n tó lọ́kọ. Àǹtí Olómi kò ní àná kankan. Mo fẹ́ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, bí mo bá ṣàìsàn, kò sẹ́nikẹ́ni ní Màrínà tí yóò wá Àǹtí Olómi wá sí Ẹnu Ọ̀wá.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti wọn ohun méjèèjì. Ní 2024, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ iṣẹ́ kan jáde tó kó ìwádìí 218 pọ̀, tó kan ènìyàn 14,170. Rírìn àti sísáré wà lára eré ìdárayá tó ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù jù, bí eré náà bá sì ṣe le tó ni àǹfààní rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ní ti ọ̀rẹ́, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 148 jọ ní 2010, ènìyàn 308,849. Àwọn tó ní ènìyàn lẹ́yìn fi ìdajì ju àwọn tí kò ní lọ nínú àǹfààní láti wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye dájọ́ yóò ní ọ̀rẹ́ ti borí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n wọ̀n kò jọra: iṣẹ́ kan wọn ìbànújẹ́, èkejì wọn ikú. Ní tèmi, aago mẹ́rin ìdájí ló fẹ́ pa mí, ìgbà tí ibùsùn gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá pe oníléèsì ní aago mẹ́rin, yóò gbé e. Ọkọ rẹ̀ ni yóò pòṣé. Wákàtí yẹn, eré ló ni ín. Bí mo bá ti ta jí, mo mọ̀ pé láìpẹ́ n ó kírun, n ó so okùn bàtà, ibùsùn náà yóò sì di ohun tí mo fi sílẹ̀.

Eré ní ejò tiẹ̀ nínú. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti tú ká ṣáájú tèmi. Ọkùnrin kò ní iddah. Lọ́jọ́ kejì ó lè wá ìyàwó mìíràn. Ohun tí mo wá rí nínú òmìnira yẹn ni pé kò sẹ́ni tó wá bá a jókòó. Èmi ní oṣù mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ pé mò ń dúró; òun, kò sí nǹkan tó ń dúró dè lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra pẹpẹsúùpù fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì ní kó sùn ire. Ló bá gbé ara lé eré. Ó ń sá a lójoojúmọ́, ó ń sá a láàárọ̀, ó ń sá a lálẹ́, títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Dókítà ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn le fún un ju ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ, nítorí eré nìkan ló ní. Mo ti bi í rí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa ń rò bí ẹ bá ń sáré?" Ó ní, "N kì í ro nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń sáré nìyẹn."

Ìyá àgbà orí bẹ́ǹṣì ló rí i níbi tó ti ń tiro kọjá, ó sì bi í ní ìbéèrè tó bi mí: ta ló ń lé ọ? Èmi ti dáhùn pé kò sẹ́ni, mo sì bá eré mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ó jókòó tì í. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó ń bá a ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Ní Harare, orílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí ní 2006: ó kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọn yóò ṣe máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu àwọn tí ìrònú ti wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 573, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nínú àwọn tó bá ìyá àgbà jókòó kò tó 15 nínú 100. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìyá tiwa kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan nínú ìyẹn. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Mi ò tíì sá eré Máráthọ́ọ̀nù Èkó rí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 6 Oṣù Kejì 2016, tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ lé ọkọ̀ kúrò lórí Third Mainland kí ẹsẹ̀ ènìyàn lè ni ín ní ọjọ́ kan lọ́dún. Kìlómítà 42 kì í ṣe kèrémí. Nígbà tí mo kàn dárúkọ rẹ̀, oníléèsì ní bí mo bá dán an wò, òun yóò yan aṣọ ẹbí, òun yóò kó ẹgbẹ́ lọ sí Èkó Àtìláńtíìkì níbi tí eré ti ń parí, pẹ̀lú onílù. Ó ti ń ṣírò iye tí kálukú yóò san. Mo ní kó jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, òun gan-an ló wá kan ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn àsùbáà, ó wọ sìlípáàsì, ó ró ìró mọ́ àyà. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí mo máa ń lọ. A ò sáré. Bàtà rẹ̀ kò gbà, èmi náà kò sì fẹ́ kánjú. A rìn dé ìdí afárá, ó wo ọ̀sà, ó ní ó ń rùn. A rìn dé Màrínà, a ra àkàrà tó ṣì ń gbóná, a fi bébà dì í wálé. Ìyá àgbà ti wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó wo èmi, ó wo ọ̀rẹ́ mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń lé yín?"

Oníléèsì kúnlẹ̀, ó kó àkàrà méjì sí i lọ́wọ́. "Ebi ni, Màmá."

Ó gba àkàrà náà, ó sì sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí a lè ráyè jókòó.